Àmì, àfọ̀ṣẹ, àsọtẹ́lẹ̀: ta ló sọ̀rọ̀, kí sì ni a lè ṣe sí i?

Ìbéèrè: Olùkọ́ èdè Yorùbá kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ẹ̀pẹ́ ló kọ̀wé sí mi. Ó ní ìyá ọkọ òun, tí ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, fi ẹsẹ̀ òsì kọ lójú ọ̀nà ní ìdájí ọjọ́ kan, wọ́n sì ṣẹ́rí padà sílé, wọn kò lọ sọ́jà mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí òun sọ ọ̀rọ̀ náà ní kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àsọtẹ́lẹ̀ ni, òmíràn ní àmì ni, ẹ̀kẹta tó jẹ́ ọmọ ìjọ aládùúrà ní ìran ni, ẹni kẹrin sì ní àfọ̀ṣẹ ni. “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn? Bí wọn kì í bá ṣe ọ̀kan náà, báwo ni mo ṣe lè là á yé àwọn ọmọ láìfi ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́? Ṣé àwọn baba wa tilẹ̀ gbà pé ọ̀la ti di kíkọ sílẹ̀ ni?”

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ iwájú ni gbogbo wọn kọjú sí. Bí mo bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, mo máa ń béèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ọ̀ràn náà, ṣé a bi í ni tàbí ó wá fúnra rẹ̀, àti pé kí ni ẹni tó gbọ́ ọ lè ṣe sí i. Ìbéèrè kẹta yìí ló wúwo jù lójú mi, nítorí pé lọ́dọ̀ Yorùbá, ó ṣọ̀wọ́n kí a mọ ohun tó ń bọ̀ kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Mímọ̀ náà máa ń ti ènìyàn sí ìṣe kan, ìbáà jẹ́ ẹbọ, ìbáà jẹ́ àdúrà, ìbáà sì jẹ́ pé kí a kàn gbé agbọ̀n ẹja wa padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá náà. Àmì ni ohun tí wọ́n rí. Ẹnikẹ́ni kò bá wọn sọ̀rọ̀, wọn kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè nǹkan. Ẹsẹ̀ wọn àti òkúta ló pàdé, àwọn fúnra wọn ló sì túmọ̀ rẹ̀. Irú àmì bẹ́ẹ̀ pọ̀ lára ènìyàn àti láyìíká rẹ̀. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá ń yún ẹlòmíràn, ó ní owó ń bọ̀; bí ìpéǹpéjú rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ó ní òun fẹ́ rí àlejò tàbí òun fẹ́ sunkún; bí omi bá pá a lórí, ó ní wọ́n ń dárúkọ òun níbìkan; bí òwìwí bá ké lórí òrùlé lóru, àwọn àgbà ilé yóò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín kò ní mọ̀, àfi bí ẹ bá sọ fún wọn, ni pé ọ̀pọ̀ nínú àmì wọ̀nyí kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ẹlòmíràn ti ṣàkíyèsí ara rẹ̀ títí ó fi gbà pé ẹsẹ̀ òsì lòun fi ń pàdé ire, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀tún bá kọ ni yóò kọminú. Nítorí náà, bí ẹ bá bi ìyá léèrè, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ fún yín pé kì í ṣe òsì ni ìṣòro bí kò ṣe òsì tiwọn. Àmì kò ní ìwé ìtumọ̀ kan tí gbogbo ènìyàn lè ṣí wò. Ìrírí ẹni tó ń rí i ni ìwé rẹ̀.

Àwọn àmì kan wà tí wọ́n ní ìdí tí a lè fojú rí, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ. Ní ilẹ̀ tiwa yìí, ìjì òjò ńláńlá máa ń ti ìlà-oòrùn wá, ó sì máa ń sún lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Apẹja tó wà lórí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, tí ó rí i pé ojú ọ̀run ṣú dúdú níhà ìlà-oòrùn, tí afẹ́fẹ́ tútù sì fẹ́ lójijì lórí omi, kò ní dúró kó àwọ̀n tó kù. Yóò wa ọkọ̀ rẹ̀ sí èbúté kíákíá. Àmì ni ó rí, ṣùgbọ́n àmì náà àti òjò jẹ́ ẹ̀ka igi kan náà. Ọ̀rọ̀ òwìwí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé a kò lè tọ́ka sí okùn tó so igbe ẹyẹ mọ́ ikú ènìyàn. Ẹ ó rántí òwe tó ní, “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Ẹnu gbogbo ènìyàn ni òwe yìí wà, wọ́n sì máa ń pa á bí ẹni pé ó ti fi ẹ̀rí múlẹ̀. Èmi gbà pé òwe náà ń fi bí ọkàn wa ti ń so ohun méjì tó tẹ̀ léra pọ̀ hàn wá, kò sì yẹ kí a fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ lè fi í ṣe ìdánwò fún kíláàsì yín: kí wọ́n jiyàn lórí rẹ̀ fún odidi wákàtí kan.

Àwọn ọ̀rọ̀ méjì tún wà tó sún mọ́ àmì tí a máa ń gbàgbé. Èkíní ni èèmọ̀, èyí tí í ṣe ohun tó tako bí ayé ti ń rí, tó sì ń da gbogbo ìlú láàmú. A kì í sọ pé ẹsẹ̀ kíkọ jẹ́ èèmọ̀, ṣùgbọ́n bí ewúrẹ́ bá bí ọmọ olórí méjì, èèmọ̀ ni. Èkejì ni ìfura, tó jẹ́ pé inú ara ẹni ló ti ń wá, láìsí pé a rí nǹkan kan níta: “ara mi ń fu mí.” Àwọn àgbà fẹ́ràn èyí púpọ̀, wọ́n ní òun ni oògùn àgbà, wọ́n sì ní páńsá kò fura, páńsá já síná, àjà kò fura, àjà jìn. Ẹ kíyè sí i pé òwe kejì yìí kò sọ pé páńsá kò mọ ọ̀la. Ohun tó sọ ni pé kò ṣọ́ra.

Nísinsìnyí, a kúrò lọ́dọ̀ ohun tó wá fúnra rẹ̀, a dé ọ̀dọ̀ ohun tí a lọ béèrè. Ibí yìí ni Ifá wà. Ẹ jẹ́ kí n fa ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, nítorí pé òun ni àwọn ọmọ wa mọ orúkọ rẹ̀ jù, òun náà ni wọn kò sì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tó lọ dífá kò ní láti sọ ohun tó bá wá fún babaláwo. Yóò mú owó, yóò gbé e sún mọ́ ẹnu, yóò sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, yóò sì gbé e kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ikin, ìyẹn èkùrọ́ Ifá, ni babaláwo fẹ́ lò, ikin mẹ́rìndínlógún ni yóò kó sí ọwọ́ kan, yóò sì fi ọwọ́ kejì bù wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù sílẹ̀ lọ́wọ́ àkọ́kọ́, yóò fi ìka tẹ ilà méjì sínú ìyẹ̀rosùn, ìyẹ̀fun Ifá tó wà lórí ọpọ́n. Bí méjì bá ṣẹ́ kù, ilà kan ni yóò tẹ̀. Bí kò bá ku nǹkan kan, tàbí tí ó bá ju méjì lọ, kò tẹ nǹkan kan, yóò tún un bù. Báyìí ni yóò ṣe títí ilà yóò fi pé mẹ́rin lápá ọ̀tún àti mẹ́rin lápá òsì. Ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹ̀wọ̀n Ifá tó ní ojú mẹ́jọ, yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìjù ẹ̀ẹ̀kan ni yóò fi ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ hàn pọ̀. Ohun tó bá jáde ni odù: mẹ́rìndínlógún ni ojú odù, láti orí Èjì Ogbè títí dé Òfún Méjì, àmúlù wọn sì jẹ́ 240, tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ 256. Lẹ́yìn èyí ni ìbò yóò wọlé. A lè fún oníbèéèrè ní ẹyọ owó méjì tí a so pọ̀, tó dúró fún “bẹ́ẹ̀ ni”, àti egungun kékeré tó dúró fún “bẹ́ẹ̀ kọ́”, kí ó pa ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ sí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan; ìjù tó bá tẹ̀ lé e ni yóò sọ ọwọ́ tí babaláwo yóò ní kí ó ṣí. Báyìí ni a ṣe ń mọ̀ bóyá ire ni odù náà gbé wá tàbí ibi, àti irú ire tó jẹ́: àìkú ni, ajé ni, aya ni, ọmọ ni, tàbí ìṣẹ́gun.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù wà lẹ́yìn gbogbo ìyẹn. Nígbà tí babaláwo bá la ẹnu, kì í sọ pé “ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nǹkan báyìí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọ.” Ẹsẹ Ifá ni yóò kì. Nínú ẹsẹ Ifá, a óò gbọ́ orúkọ àwọn awo tó dífá nígbà kan rí, a óò gbọ́ ẹni tí wọ́n dá a fún, ohun tó ń dà á láàmú, ẹbọ tí wọ́n ní kí ó rú, bóyá ó rú u tàbí ó kọ̀, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìtàn ohun tó ti kọjá ni. Oníbèéèrè tó jókòó sórí ẹní ni yóò gbọ́ ìtàn kan lẹ́yìn òmíràn títí yóò fi bá ọ̀ràn tirẹ̀ pàdé nínú ọ̀kan, tí yóò sì sọ pé, “Ẹ dúró níbẹ̀, Baba, ọ̀rọ̀ mi nìyẹn.” Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ sì máa ń jẹ́ ẹbọ, nítorí àwọn awo ní rírú ẹbọ ní í gbe ni, àìrú kì í gbe ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tó bá pe Ifá ní àsọtẹ́lẹ̀ kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ti gé ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ dànù: bíbéèrè ni, ìtàn ni, ìmọ̀ràn ni, kí á tó dé ibi pé ó ń sọ ohun tó ń bọ̀. Àjọ UNESCO ka Ifá kún àjogúnbá ìran ènìyàn ní 2005, bí mo sì ti mọ̀ ọ́n, ewì àti ìmọ̀ tó wà nínú ẹsẹ wọ̀nyí wà lára ohun tí wọ́n rò kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Àgbádárìgì tí wọ́n ń sọ èdè Ògù náà mọ̀ ọ́n, Fá ni wọ́n ń pè é.

Ẹẹ́rìndínlógún tí àwọn olórìṣà ń dà sílẹ̀ sún mọ́ Ifá, àmọ́ iye owó ẹyọ tó bá ṣíjú sókè ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Obì dídá rọrùn jùyẹn lọ: obì aláwẹ́ mẹ́rin ni a ń jù, bí méjì bá ṣíjú sókè tí méjì dojú bolẹ̀, obì yàn, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ yóò sì dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ yanrìn títẹ̀ kò gbọdọ̀ fò wá dá, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní Ẹ̀pẹ́ yóò jẹ́ Mùsùlùmí, wọn yóò sì ti gbọ́ nípa ààfáà tó ń tẹ yanrìn. Láti ilẹ̀ Lárúbáwá ni ọgbọ́n yìí ti wá. A óò fi ìka tẹ àwọn àmì tóótòòtó sínú yanrìn láìkà wọ́n, a óò sì máa pa wọ́n ní méjì méjì títí yóò fi ku ẹyọ kan tàbí méjì lórí ìlà kọ̀ọ̀kan; ìlà mẹ́rin ní í di àwòrán kan, àwòrán náà sì jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá ti rí ọpọ́n Ifá rí yóò mọ̀ pé àwọn méjèèjì jọra bí ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan kó èyí pọ̀ mọ́ àdúrà ìsítíkárà. Ní ti ìsítíkárà, Mùsùlùmí yóò kí ìrun ràkáà méjì, yóò sì bẹ Ọlọ́run pé kí Ó yan èyí tó dára jù fún òun nínú ọ̀ràn tó fẹ́ dáwọ́ lé; kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn náà kọ yanrìn títẹ̀, wọ́n sì gba ìsítíkárà tọwọ́tẹsẹ̀.

Ó ku ẹnu ènìyàn. Àsọtẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ kí ọjọ́ tó pé, tí a sì lè padà wá bi í léèrè nígbà tí ọjọ́ bá pé. Nínú àwọn ìjọ aládùúrà, bíi Kérúbù àti Séráfù tó bẹ̀rẹ̀ ní 1925, àti Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run wá tí Oschoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, ìran àti àsọtẹ́lẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà, ọmọ ìjọ kankan kò sì ní ṣì wọ́n pè. Ojú ni a fi ń rí ìran, ẹnu ni a fi ń sọ àsọtẹ́lẹ̀. Aríran yóò sọ pé “mo rí i tí ẹ wọ aṣọ funfun, tí ẹ dúró lẹ́bàá omi,” yóò sì fi kún un pé iṣẹ́ ni wọ́n rán òun, òun sì ti jẹ́ ẹ. Ìtumọ̀ lè wá láti ẹnu ẹlòmíràn. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò sọ iye ọjọ́ tí ẹ ó fi gbààwẹ̀ àti sáàmù tí ẹ ó máa kà. Ẹ wo bí ó ti rí: ẹbọ kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àyè tí ẹbọ ń dí kò ṣófo. Ọmọ kẹta tó pe ẹsẹ̀ kíkọ ní ìran ló jìnnà jù sí òtítọ́ nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé ojú kò ní ipa kankan níbẹ̀.

Ní ti “wòlíì,” ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti inú “wò” ni ó ti jáde, torí pé wòlíì máa ń wo nǹkan. Èdè Lárúbáwá ló ti wọlé sí tiwa, níbi tó ti jẹ́ ẹni tó sún mọ́ Ọlọ́run. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àwọn Krístẹ́nì ló ń lò ó jù lónìí, àwọn Mùsùlùmí sì ń sọ “ànábì,” tí òun náà ti èdè Lárúbáwá wá. Ẹ lè sọ èyí fún kíláàsì kí wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Àfọ̀ṣẹ ló le jù láti ṣàlàyé, òun sì ni wọ́n ń ṣì lò jù. Nínú Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, a rí “àfọ̀ṣẹ” nínú Deutarónómì orí 18, níbi tí ó ti wà pẹ̀lú “alákìyèsí ìgbà” lára ohun tí a kọ̀ fún Ísírẹ́lì. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Krístẹ́nì ti rò pé wíwádìí ọjọ́ iwájú ni àfọ̀ṣẹ. Lẹ́nu àwọn oníṣègùn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ẹni tó ní àfọ̀ṣẹ fọ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ṣẹ, nítorí pé àṣẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Kò rí ọ̀la. Ó pàṣẹ fún un ni. Bí babaláwo bá sọ fún ẹnì kan pé ìrìn àjò rẹ̀ kò ní yọrí sí rere, ìkìlọ̀ ni. Bí aláfọ̀ṣẹ bá sọ gbólóhùn kan náà, a ti bá onítọ̀hún jà nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi máa ń kígbe pé “Ọlọ́run má jẹ́!” nígbà tí ọmọdé bá ṣe àwàdà burúkú, kí ọ̀rọ̀ náà má baà ríbi bà lé. Ọmọ kẹrin nínú kíláàsì yín, ẹ sọ fún un pé òkúta kì í fọ àfọ̀ṣẹ.

Nípa àlá, n kò ní púpọ̀ láti sọ. A ń lá a, a ń rọ́ ọ, a ń túmọ̀ rẹ̀, ó lè ṣẹ, ó sì lè máà ṣẹ. Àwọn àgbà ní àlá kì í ba ni lẹ́rù ká má lè rọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ló sì ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ sí òdìkejì, tí wọn yóò ní ẹni tí a lá àlá pé ó kú ti gba ẹ̀mí gígùn.

Ẹ wá bi mí bóyá àwọn baba wa gbà pé ọ̀la ti di kíkọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà tó jọ pé wọ́n gbà bẹ́ẹ̀: ìpín, àyànmọ́, àkúnlẹ̀yàn, àti kádàrá tí a yá lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí. Wọ́n ní a kúnlẹ̀ yan ẹ̀dá, a dáyé tán ojú ń kán wa. Bí a bá bí ọmọ tuntun, wọ́n ń dá àkọsẹ̀jayé fún un láti mọ irú ọ̀nà tí yóò tọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ló tún sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Bí ìwé ọ̀la bá ti di títì pa, Ifá ìkókó nìkan ìbá ti tó fún gbogbo ayé ènìyàn. Kí ni yóò máa gbé babaláwo padà sídìí ọpọ́n ní ọrọọrún? Ìdáhùn tèmi ni pé wọ́n gbà pé ọ̀nà wà, wọn kò gbà pé ẹsẹ̀ kò lè yà. Ìyá ọkọ yín tó padà sílé ti fi èyí hàn láìsọ̀rọ̀, torí pé bí wọ́n bá gbà pé ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kò ṣeé yẹ̀, wọn ìbá kúkú máa bá ọ̀nà ọjà wọn lọ.

Fún kíláàsì yín, n kò rò pé ó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè pé èwo ló jẹ́ òtítọ́. Ìjà ẹ̀sìn ni yóò mú wá. Ẹ fún àwọn ọmọ ní ìṣẹ̀lẹ̀, kí wọ́n sì fi ìbéèrè mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ sọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má sì yọ NiMet sílẹ̀, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, tó ń gbé ìsọtẹ́lẹ̀ jáde lọ́dọọdún nípa ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá. Ó dá lórí ìwọ̀n àti ìṣirò, ó sì ń sọ bí nǹkan ti ṣeé ṣe tó dípò kí ó búra. Síbẹ̀, àgbẹ̀ tó gbọ́ ọ yóò sún ọjọ́ ìgbìn síwájú tàbí sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí apẹja wa ti sáré wa ọkọ̀ sí èbúté.

Bí ẹ bá ń ṣe máàkì, “àsọtẹ́lẹ̀” ni kí wọ́n lò fún ọ̀rọ̀ tí a sọ náà, “ìsọtẹ́lẹ̀” fún iṣẹ́ sísọ ọ́, bí ó ti yẹ kí “à” àti “ì” máa ṣe níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ rédíò ti sọ “ìsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́” di ti gbogbo ènìyàn, nítorí náà ẹ má gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tó bá kọ ìyẹn.